Ẹ Má Na Ọmọ Nítorí "Borrow"

Bí ọmọ iléèwé kan bá wí fún ẹnìkejì rẹ̀ pé "Borrow me your biro", ẹ ó rí i bí gbogbo kíláàsì yóò ṣe bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà kan á ní kó dìde dúró, òmíràn á fi pàṣán nà án. Wọ́n á ní "lend" ló yẹ kó pè. Ọmọ á pe "lend", á jókòó. Ìdí tó fi jẹ́ "lend", ẹnikẹ́ni kò ní sọ fún un. Tó bá di ọ̀la, "borrow me" náà ni yóò tún jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, nítorí ọmọ yẹn kì í ṣe olódo. Òye tó fi lè mọ ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wà lórí rẹ̀ kó tó dé iléèwé. Èdè ìyá rẹ̀ ló fún un. Àwa la ò jẹ́ kó lò ó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí Òyìnbó ṣe ń lò wọ́n. Ẹni tí nǹkan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń "lend". Ẹni tí nǹkan bọ́ sí lọ́wọ́ ló ń "borrow". "Lend" lè mú èèyàn àti nǹkan tẹ̀lé ara wọn: "He lent me money." A sì lè fi "to" gbé èèyàn náà wá nígbẹ̀yìn: "He lent money to me." "Borrow" kì í gba èèyàn mọ́ra bẹ́ẹ̀. Nǹkan nìkan ló ń tẹ̀lé e, tí a bá sì fẹ́ dárúkọ ẹni tó ni nǹkan ọ̀hún, "from" ni yóò ṣíwájú orúkọ rẹ̀: "I borrowed money from him." Ọmọ tó ní "borrow me" fi èèyàn síbi tí kò sí àyè fún èèyàn. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé Yorùbá kò mọ ìyàtọ̀ yìí, pé "yá" kan ṣoṣo la ní. Irọ́ ni. Ẹ gbọ́ gbólóhùn méjì yìí: "Mo yá Àjàyí lówó." "Mo yá owó lọ́wọ́ Àjàyí." Kò sí ọmọ Yorùbá tó ti ń sọ̀rọ̀ geere tí yóò ṣi ẹni tó jẹ gbèsè mọ̀ nínú méjèèjì. Nínú ti àkọ́kọ́, èèyàn ló tẹ̀lé "yá", "ní" ló sì gbé owó wá, torí "ní owó" ni "lówó" tí à ń pè yẹn. Nínú ìkejì, owó ló tẹ̀lé "yá", "lọ́wọ́" ló sì ń tọ́ka sí ẹni tó ni owó. Ìyàtọ̀ tí Òyìnbó pín sáàárín ọ̀rọ̀ ìṣe méjì, "ní" àti "lọ́wọ́" ló ń bá wa ṣe é.

Kódà, bí a bá yọ èèyàn kúrò pátápátá, "yá" mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbàafà. Kò sẹ́ni tó gbọ́ òwe yẹn rí tó rò pé ayánilówó là ń bá wí. Ẹ tún wo "ayánilówó" fúnra rẹ̀: "ni" tó wà láàárín rẹ̀, èèyàn ni. "Ayáwó", ìyẹn ẹni tó ń yá owó, kò ní "ni" kankan nínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbà ní ìyàtọ̀ mìíràn tí Òyìnbó kò ní. Àdá tàbí aṣọ tí a óò dá òun gan-an padà, wọ́n á ní kí o yá àwọn. Gààrì tó jẹ́ pé irú rẹ̀ la ó fi dípò, wọ́n á ní kí o wín àwọn. Èdè tó lè ṣe irú ìyẹn kì í ṣe èdè tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú.

Àwa nìkan kọ́ là ń lo ọ̀rọ̀ kan fún ìhà méjèèjì. "Leihen" tí àwọn ará Jámánì ń sọ ń ṣe iṣẹ́ "lend", ó sì ń ṣe iṣẹ́ "borrow". Ní àwọn apá kan ní Minnesota àti Wisconsin ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn àtọmọdọ́mọ ará Jámánì pọ̀ sí, ẹ lè gbọ́ "borrow me" lẹ́nu Òyìnbó tí kò gbọ́ èdè mìíràn. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń sọ pé ayálégbé "rents" ilé, ó sì tún ń sọ pé onílé "rents" ilé kan náà. "From" àti "to" ló ń là wọ́n. Àwọn èèyàn wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ tó ń ka Faransé náà ní "prêter" àti "emprunter" láti kọ́, ìṣòro kan náà ló sì ń dúró dè wọ́n. "Borrow" fúnra rẹ̀, inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan tó jẹ mọ́ ohun ìdógò ló ti wá. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni látilẹ̀wá.

Ọ̀rọ̀ gbèsè ni títí dòní, ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ká ní ẹnì kan kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pé "I want to lend five hundred thousand naira." Ó rò pé òun ń tọrọ ẹ̀yáwó. Ohun tó kọ ni pé òun ní owó tí òun fẹ́ yá ènìyàn. Lórí fóònù lónìí, àwọn áàpù tó ń yáni lówó pọ̀, wọ́n sì ń to òfin wọn sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì: "the lender" lè ṣe báyìí, "the borrower" gbọ́dọ̀ ṣe tọ̀hún. Ẹni tí kò mọ èwo lòun nínú méjèèjì yóò tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà, kó tó mọ ohun tó gbà sí.

Fífi èdè ìyá la nǹkan yé ọmọ kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan tó ní olùkọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò gbẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbà pé ọ̀nà tó yẹ ká tọ̀ nìyẹn, àmọ́ kò dìgbà tí ìjọba bá ṣe òfin kí olùkọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ nínú kíláàsì tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá tún ní "borrow me", ẹ kọ "yá mi lówó" sójú pátákó, kí ẹ kọ "lend me money" sábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ "yá owó lọ́wọ́ mi" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ "borrow money from me" sábẹ́ tòun náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ fi ìka tọ́ka sí ibi tí èèyàn wà àti ibi tí owó wà. Kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ ò sì ní nílò pàṣán.