Ẹrẹ̀ Àdúgbò Wa Náà Jẹ́ Ìwé: Ẹ Jẹ́ Ká Kà Á Kí Wọ́n Tó Da Yanrìn Bò Ó

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nípa bí ewéko ṣe ń di fọ́sìlì, ìyẹn bí ewé, igi tàbí èso tó ti kú ṣe ń pẹ́ nínú ilẹ̀ títí yóò fi di òkúta, tàbí tí àmì rẹ̀ yóò fi hàn lára òkúta. Èrò wa ni pé Alímọ̀ṣọ́ níbí ló yẹ kí irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ti wáyé, nínú ẹrẹ̀ gan-an, kì í ṣe nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń fi àwòrán nìkan hàn wá. Ó sì yẹ kó tètè wáyé.

Ẹ wo ewé tí àwọn oníṣòwò ń dà nù ní ọjà Òkè-Odò ní Ilé-Epo. Èyí tó bọ́ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kòkòrò á jẹ níbẹ̀, ìyókù á jẹrà, kò ní pẹ́ tí a ò fi ní rí i mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí àgbàrá gbé lọ, tí ẹrẹ̀ sì tètè bò mọ́lẹ̀, lè pẹ́ níbẹ̀, kó dúdú, kí iṣan rẹ̀ ṣì hàn. Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé inú ẹrẹ̀, ohun tó ń mú ewé jẹrà kò sì lè yára ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Ìbẹ̀rẹ̀ fọ́sìlì nìyẹn. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ẹrẹ̀ mìíràn á tẹ ewé náà pẹlẹbẹ. Ní ti igi, èròjà inú omi lè wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi le bí òkúta. Ewéko inú irà ayé àtijọ́ náà ló di èédú ilẹ̀ tí wọ́n rí ní Enugu ní 1909, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà jáde ní 1915.

Èyí tó kéré jù ló lágbára jù nínú wọn: ìyẹ̀fun inú òdòdó, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pollen. Èèpo rẹ̀ yi débi pé ó lè wà nínú ẹrẹ̀ fún àìmọye ọdún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Ṣówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn yẹ irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ wò nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde ní Niger Delta. Ó rí i pé ní nǹkan bí 2,800 ọdún sẹ́yìn, ti ọ̀pẹ pọ̀ sí i lójijì. Ó kà á sí àmì pé àwọn èèyàn ti ń ṣán igbó dáko. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní ọ̀dá ló dín igbó kù tí ọ̀pẹ fi ráyè. Ẹ ò rí i pé ìtàn àwọn baba ńlá wa ni wọ́n ń jiyàn lé lórí? Ẹrẹ̀ sì ni ẹlẹ́rìí.

Ẹlẹ́rìí yìí là ń pa lẹ́nu mọ́ ní Èkó. Irà tó bá ti kù sí àdúgbò, yanrìn ni wọ́n ń dà sí i, kí wọ́n lè tà á ní pulọ́ọ̀tì. A ò bá ẹni tó ń wá ilé jà; gbogbo wa la nílò òrùlé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Èkó mọ ilẹ̀ dúdú rírọ̀ tó kún fún ewéko jíjẹrà dáadáa, nítorí kì í gba ilé dúró. Wọ́n ń hú u dà nù. Bí a bá gba korobá kan lọ́wọ́ wọn, tí a kọ bó ṣe jìn tó nínú ilẹ̀ sí i lára, iṣẹ́ ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan á ní, “Ṣé fọ́sìlì la fẹ́ jẹ?” Ìbéèrè náà tọ́, torí ìyà àìríṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìdáhùn wa ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ń fi pollen mọ ọjọ́ orí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́. Nínú iṣẹ́ ńlá tí Germeraad, Hopping àti Muller tẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní 1968, ilẹ̀ Nàìjíríà wà lára ibi tí wọ́n yẹ̀ wò. Ilẹ̀ wa ni wọ́n fi kọ́ ayé. Kò yẹ kí àwa ọmọ onílẹ̀ máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ohun tí à ń béèrè kò wọ́n. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ewéko ní LASU, tí kò jìnnà sí Ìgàndò, àti àwọn tó ń kọ́ jiọ́lọ́jì ní UNILAG, jọ ṣe é fún ọjọ́ méjì. Kí a ra ewé eéran àti ewé gbòdògì lọ́jà, kí a tẹ́ díẹ̀ sórí ilẹ̀, kí a ri díẹ̀ mọ́nú yanrìn, kí a sì ri ìyókù mọ́nú ẹrẹ̀ nínú korobá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí a padà wá wo èyí tó kù. Bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ ṣe pàtàkì o, nítorí ẹrẹ̀ Èkó kò mọ́.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ fi maikirosíkóòpù kan ràn wá lọ́wọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún wa láyè. Irà tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín lónìí lè di ṣọ́ọ̀bù lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká bu díẹ̀ níbẹ̀ kó tó pẹ́ jù.