Ará Bakassi Ni Ó Yẹ Ká Bi

Wọ́n gbé Bakassi, ilẹ̀ tó wà lẹ́nu ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, fún Kamẹrúùnù láìbi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ léèrè. Ìrẹ́jẹ ni. Ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ kò sì sọ ìrẹ́jẹ di ẹ̀tọ́. Ó yẹ kó ká wa lára ní Ṣómólú àti Bàríga l'Ékòó, nítorí àwọn Kàlàbá, ìbátan ará Bakassi, ti bá wa gbé pẹ́ ju kí a máa pe ẹ̀dùn wọn ní ọ̀rọ̀ àlejò lọ.

Ìwé àtijọ́ ló dá ẹjọ́ náà. Ní 1884, àwọn ọba àti ìjòyè Kàlàbá tọwọ́ bọ̀wé pé kí Gẹ̀ẹ́sì máa dáàbò bò wọ́n. Ní 1913, Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà bá Jámánì, tó ń ṣàkóso Kamẹrúùnù nígbà náà, fa ààlà, Bakassi bọ́ sọ́wọ́ Jámánì. Ẹni tí wọ́n ní kó dáàbò bo ilẹ̀ ló fi ilẹ̀ tọrẹ! Síbẹ̀, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 2002, adájọ́ 13 ní Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé dá Kamẹrúùnù láre. Mẹ́ta péré ló kọ̀, Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Òwu, sì wà nínú wọn.

Ká tilẹ̀ ní ìwé 1884 ló borí, tí Nàìjíríà gba ilẹ̀ náà láìbi ará ibẹ̀, ìrẹ́jẹ kan náà ni. Ìtàn lè sọ ibi tí èèyàn ti wá. Kò lè yan ìjọba fún un. A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Àwọn kan á ní ayálégbé kì í di onílé nítorí pé ó pẹ́ nílé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èèyàn lè ra ilé. Ìjọba kì í ra èèyàn. Ta ni apẹja Bakassi yóò máa san owó orí fún? Ọlọ́pàá ta ni yóò máa pàṣẹ fún un? Ẹnu rẹ̀ ló yẹ kí ìdáhùn ti wá.

Àwọn mìíràn á ní bí a bá ń bi ará ààlà báyìí, Áfíríkà á fọ́, pé ìdí nìyẹn tí àwọn olórí wa fi pinnu ní Cairo ní 1964 pé kí ààlà òyìnbó dúró. Ṣebí ní oṣù kejì 1961, wọ́n dìbò ní Kamẹrúùnù tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì: Àríwá yan Nàìjíríà, Gúúsù yan Kamẹrúùnù. Ìdìbò yẹn kò fọ́ Áfíríkà. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí àyè láti yan òmìnira, ẹ̀hónú yẹn sì wà lára ohun tó bí ogun tó ń jà ní Gúúsù yẹn láti 2017.

Àdéhùn Greentree tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ṣe ní 2006 gba ará Bakassi láyè láti dúró síbẹ̀ kí wọ́n sì máa jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Kò bi wọ́n ní ìjọba tí wọ́n fẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn kẹ́rù wá sí apá Ikang ní Nàìjíríà, wọ́n di aláìnílé.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé ìbọn. Kí ìjọba méjèèjì gbé àpótí ìbò lọ síbẹ̀ lójú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kí àwọn tó sá kúrò sì dìbò pẹ̀lú. Bí wọ́n bá yan Kamẹrúùnù, kí Nàìjíríà panu mọ́ títí láé. Bí wọ́n bá yan Nàìjíríà, kí Kamẹrúùnù dá ilẹ̀ náà padà.