Ọ̀nà Àbùjá Sí Iṣẹ́ Olùkọ́ Ìṣirò

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà tó lọ sí iṣẹ́ olùkọ́ ní Nàìjíríà kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìṣirò lè gba ọ̀nà tó gùn, kí ó lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì láti gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìṣirò àti iṣẹ́ olùkọ́ pọ̀. Ẹni tó bá ti ní ìwé ẹ̀rí NCE lè wọlé tààrà sí ọdún kejì, kí ó sì fi ọdún mẹ́ta parí rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni ti ẹni tó ti gboyè nínú ìṣirò, físíìsì tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n tí kò kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi nǹkan bí ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ gba ìwé ẹ̀rí PGDE, kí ó ṣe ìdánwò àjọ TRCN tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, kí ó sì di olùkọ́ tí òfin mọ̀. Ọ̀nà àbùjá ni.

Ọ̀nà àbùjá yìí ni ọ̀pọ̀ ń tọ̀. Wọ́n ń lọ sí kíláàsì ní òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n ń lo àkókò ìsinmi gígùn, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn lọ. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ràn iṣẹ́ náà látọkàn wá. Àwọn mìíràn ti ń kọ́ni tipẹ́, ìwé tí kò ní jẹ́ kí wọ́n lé wọn lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Àwọn kan sì ti gbójú sókè òkun. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyíkéyìí níbẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ dáhùn ni èyí: nígbà tí a gé ọdún mẹ́rin kù sí ẹyọ kan, kí ni ó bọ́ sílẹ̀?

Ẹnu kò kò lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan gbà pé ẹni tí kò fi ọdún mẹ́rin kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kò yẹ lẹ́ni tí à ń pè ní tíṣà. Àwọn mìíràn ní olùkọ́ ìṣirò ti wọ́n bí ojú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni tó bá lè ṣe ìṣirò máa bọ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n da ohun méjì pọ̀ mọ́ra wọn. Ìmọ̀ ìṣirò, ènìyàn lè gbé e wá láti ibòmíràn. Ọgbọ́n tí a fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, inú kíláàsì ni a ti ń kọ́ ọ. Ti àkọ́kọ́ ṣeé gé kúrú fún ẹni tó ti ní in lọ́wọ́. Ti èkejì kò ṣeé gé.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Olùkọ́ ní kí ọmọ JSS1 ro ½ pọ̀ mọ́ ⅓. Ọmọ náà ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ó kọ 2/5. Ẹni tó gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé 5/6 ni ìdáhùn. Yóò fi bírò pupa fagi lé e, yóò ṣe é lójú pátákó, yóò sì bọ́ sórí èyí tó kàn. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà yóò tún kọ irú rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ibi tí àṣìṣe náà ti ń wá.

Olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ mọ̀ pé àṣìṣe yẹn kì í ṣe ti àìbìkítà. Nọ́ńbà méjì tó dá dúró ni ọmọ náà rí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Nítorí náà, kò ní kọ́kọ́ mú bírò pupa. Yóò bi í pé: “Bí mo bá fún ọ ní ìdajì búrẹ́dì, tí mo tún bù sí i fún ọ, ṣé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ lè kéré sí ìdajì?” Ọmọ náà yóò ní rárá. Olùkọ́ yóò ní kí ó wá fi 2/5 wé ½. Ìgbà náà ni ojú ọmọ náà yóò là, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló rí i pé ìdáhùn òun kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Irú ìmọ̀ yìí kò sí nínú ìwé ìṣirò tí wọ́n ń kà ní yunifásítì. Kò sí níbẹ̀ pé ọmọ Yorùbá tó ń pe 45 ní márùndínláàádọ́ta ti ń yọ 5 kúrò nínú 50 kí ó tó mọ àmì ìyọkúrò, tàbí pé àádọ́ta fúnra rẹ̀, 10 tí a yọ kúrò nínú 60 ni. Olùkọ́ tó mọ èyí ní ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, títí kan ìṣirò.

Ibo wá ni akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ti ń rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́? Ní àsìkò TP ni, nígbà tí ó bá lọ kọ́ṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe PGDE, ọ̀sẹ̀ 6 ni TP. Ọjọ́ márùn-ún ni ilé ẹ̀kọ́ ń ṣí lọ́sẹ̀, ọjọ́ 30 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ yọ ọjọ́ ìsinmi ìjọba, ọjọ́ eré ìdárayá àti ọjọ́ ìdánwò kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ wo èyí tó kù. Alábòójútó láti yunifásítì yóò yọjú nígbà mélòó kan, yóò jókòó sẹ́yìn, yóò kọ máàkì, yóò sì lọ. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní olùkọ́ ìṣirò yóò ti gbé gbogbo kíláàsì lé akọ́ṣẹ́ náà lọ́wọ́ láti ọjọ́ kìíní, yóò máa dúpẹ́. Ta ni yóò wá kọ́ akọ́ṣẹ́ níṣẹ́?

Yorùbá mọ ohun tí à ń pè ní ìkọ́ṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tó bá já fáfá lè gba ìyọ̀ǹda ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ tí yóò yọ̀ǹda ẹni tí kò tíì gé aṣọ lójú òun, tí kò tíì bà á jẹ́, tí a kò sì tíì kọ́ ní bí a ti ń tún un ṣe. Aṣọ tó bàjẹ́, a lè ra òmíràn. Ọdún tí ọmọ fi jókòó ní JSS1 láìmọ ohun tí ½ jẹ́, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á.

Àwọn tó ń fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àwíjàre pé níbẹ̀ pàápàá, ọdún kan ni wọ́n fi ń sọ ẹni tó gboyè di olùkọ́, kò parọ́. Ọdún kan ni PGCE. Ohun tí wọn kì í sọ ni bí wọ́n ti pín ọdún náà. Ìlànà ibẹ̀ ní kí akọ́ṣẹ́ lo ọjọ́ 120, ó kéré tán, nínú ilé ẹ̀kọ́, kí ó sì kọ́ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tó ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí ìmọ̀ ìṣirò rẹ̀ kò bá tó, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ díẹ̀ tí ó lè kọ́kọ́ fi tún un ṣe. Ọjọ́ 30 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ọjọ́ 120. Ìyẹn ni pé nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gé ọ̀nà kúrú, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni ó gé. Kíláàsì àwọn ọmọ ni Nàìjíríà gé. Láti oṣù Kejì ọdún 2023 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí olùkọ́ wọn lè béèrè fún ìwé ẹ̀rí olùkọ́ rẹ̀, àwọn olùkọ́ ìṣirò sì wà lára àwọn tí ó ń wá. Ẹni tó ti dáńtọ́ nínú iṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Èyí túbọ̀ fi hàn pé àwọn tí yóò rọ́pò wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ aláàbọ̀ iṣẹ́.

Ìtàn pàápàá ń kìlọ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, àwọn ọmọ rọ́ wọlé, ìjọba sì ń sáré wá olùkọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ UPE ní ọdún 1976. Nígbà tí UBE dé ní ọdún 1999, wọ́n tún gbé ètò kíákíá kan kalẹ̀ láti ọwọ́ NTI, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà ní Kàdúná. Àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí ètò náà padà rí i pé kò tó, nítorí NCE ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí ìlànà ètò ẹ̀kọ́ gbà fún olùkọ́. Wọ́n ní láti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹnìkan lè dáhùn pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: kíláàsì ṣófo lónìí, àwọn ọmọ kò sì lè máa dúró de ẹni tó ń fi ọjọ́ 120 kọ́ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo ọjọ́ 120 yẹn, inú kíláàsì kan náà ni yóò wà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé kò ní dá wà níbẹ̀. Bí olùkọ́ àgbà kan bá jókòó tì í, tí ó ń wo ìwé àwọn ọmọ pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, iṣẹ́ ń lọ, ẹ̀kọ́ náà sì ń lọ.

Àwọn àgbà náà kò tíì tán. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022 sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì olùkọ́ láti ọdún 60 sí 65, ó sì sọ iye ọdún iṣẹ́ di 40. Ohun tó dára jù tí ìpínlẹ̀ lè fi ọdún márùn-ún yẹn ṣe ni kí ó dín iye kíláàsì tí olùkọ́ ìṣirò àgbà ń mú kù, kí ó fún un ní akọ́ṣẹ́ méjì, kí ó sì san owó rẹ̀ fún un. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹni tí yóò bọ́ akọ́ṣẹ́ náà ńkọ́? Ọ̀nà kan ti wà nílẹ̀. Láti ọdún 1973 ni àwọn tó jáde yunifásítì ti ń sin ìlú fún ọdún kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì ń rán lọ kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú owó oṣù díẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba. Àgùnbánirọ̀ tó gboyè nínú ìṣirò tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ, tó sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà, kí ló dé tí ọdún yẹn kò lè jẹ́ ọdún ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀, lábẹ́ olùkọ́ àgbà, kí àwọn ẹ̀kọ́ PGDE tó kù wá jẹ́ ti òpin ọ̀sẹ̀ àti àkókò ìsinmi? Ìjọba ti ń san owó náà. Àwọn ọmọ ti wà níbẹ̀. Àgbà ni wọn kò yàn tì í.

Ní ọ̀pọ̀ ìletò, àgùnbánirọ̀ ni olùkọ́ ìṣirò kan ṣoṣo tí ọmọ SS2 ní. Bí ọdún rẹ̀ bá pé, yóò lọ, ọmọ náà yóò sì kọjú sí WAEC pẹ̀lú ohun tó bá rí mú. Ọmọbìnrin tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì nílò kírẹ́dítì nínú ìṣirò, kò sì ní ọdún mìíràn tí yóò fi ṣòfò. Kò béèrè iye ọdún tí olùkọ́ rẹ̀ lò ní yunifásítì. Ohun tó ń béèrè ni pé kí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ mọ ìdí tí òun fi kọ 2/5.

Kí àwọn aláṣẹ gé ọ̀nà náà kúrú bí wọ́n bá fẹ́. Kí wọ́n má ṣe gé e débi pé ẹni tó gbà á yóò dé ìdí iṣẹ́ olùkọ́ láìgba inú kíláàsì kọjá.