Ẹ Ka Orúkọ Àgbẹ̀ Tó Gba Owó Kòrónà Sétí Aráyé

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ tẹnu mi lórí ìrànwọ́ tí ìjọba ní àwọn ṣe fún mẹ̀kúnnù àti àgbẹ̀ nítorí àrùn Kòrónà. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ náà ti di àná. Lójú tèmi, kò tíì di àná, torí gbèsè tí wọ́n jẹ lé e lórí, gbogbo wa la ó jọ san án.

Ẹ ó rántí pé ní oṣù Kejì ọdún 2020 ni àrùn yìí kọ́kọ́ yọjú ní Nàìjíríà, lára ará Ítálì kan tó gba Èkó wá sí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Nígbà tó fi di oṣù Kẹrin, kónílé-ó-gbélé ti dé. Ìjọba ní òfin ò mú àwọn tó ń kó oúnjẹ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí a bá ti hú, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ti ń bàjẹ́. Bí ọkọ̀ ò bá wá, tí ọjà ò sì ná bó ṣe yẹ, àdánù dé nìyẹn. Ìgbà náà gan-an sì ni òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀, tí àgbẹ̀ ń wá owó lébìrà àti owó ajílẹ̀.

Kí ni wọ́n wá ṣe fún wa? Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin náà, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pín 20,000 náírà ní Kwali, lágbègbè Àbújá. Owó oṣù mẹ́rin ni, ìyẹn 5,000 lóṣù kan. Àwọn tí orúkọ wọn ti wà nínú ìwé àwọn aláìní ló wà fún. Báńkì Àpapọ̀ náà gbé 50 bílíọ̀nù náírà kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, wọ́n tún ṣí ìwé orúkọ mìíràn. Mẹ̀kúnnù ìgboro ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Ará oko ńkọ́?

Èyí tó kan àgbẹ̀ gan-an ni 750 mílíọ̀nù dọ́là tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 láti yá Nàìjíríà. Irúgbìn, ajílẹ̀ àti irinṣẹ́ fún àgbẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n yá a fún. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò sì mọ̀ ni pé ìpínlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ náwó. Ìgbà tí wọ́n bá yẹ iṣẹ́ náà wò, tí wọ́n rí i pé ó dé ọwọ́ ẹni tó yẹ, ni owó tó ń wọlé. Ìyẹn ni pé orúkọ wà nílẹ̀! Ìwé tí wọ́n fi ṣírò owó fún Báńkì Àgbáyé ní Washington, kí ló dé tí àwa ò lè rí i ní Ayépé?

N ò pe ẹnikẹ́ni lólè o. Àwọn gómìnà fúnra wọn ló sọ nínú ìpàdé ètò ọrọ̀ ajé ní oṣù Keje ọdún 2023 pé àwọn ò fọkàn tán ìwé orúkọ ìjọba àpapọ̀. Bí àwọn gómìnà ò bá fọkàn tán an, ta ni kó wá fọkàn tán an?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò le. Ní Ayépé àti ní gbogbo ìlú tó wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dọ̀gbolu, kí wọ́n lẹ orúkọ àwọn àgbẹ̀ tó gba ìrànwọ́ mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú. Kí wọ́n kà á lọ́jà, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa tí a jọ ń gbélùú mọ ẹni tó ní oko, a sì mọ ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ ìpínǹkan nìkan ló ń di àgbẹ̀. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti tún ìwé náà kọ, kí àjálù mìíràn tó dé.

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àgbẹ̀ kan,
Ayépé-Ìjẹ̀bú.