Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran: Ẹ̀rọ X-ray àti Ilẹ̀ Oko Wa

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi dá àwọn kan lóhùn lónìí: àwọn tó ń sọ pé bí a bá ti lè gbé ẹ̀rọ X-ray àfọwọ́gbé dé oko, kò tún sí ohun tí ilé àyẹ̀wò tàbí àgbẹ̀ fẹ́ sọ nípa ilẹ̀ mọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ẹ̀rọ náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó rí bí ìbọn kékeré lọ́wọ́. Bí ìtànṣán rẹ̀ bá kọlu ilẹ̀, àwọn èròjà inú ilẹ̀ náà yóò tan ìtànṣán tiwọn padà. Ti irin yàtọ̀ sí ti síńkì, ti síńkì yàtọ̀ sí ti òjé. Bí ẹ̀rọ ṣe ń dá wọn mọ̀ nìyẹn, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní ọdún 2010, nígbà tí òjé láti inú òkúta wúrà pa ó kéré tán 400 ọmọdé ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, irú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n fi wá ibi tí májèlé náà wà. Iṣẹ́ ńlá ni. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé, báwo ni òjé inú erùpẹ̀ ṣe pọ̀ tó? Ẹ̀rọ náà mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè àgbẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí gbòǹgbò àgbàdo rẹ̀ lè rí fà mu ló ń bèèrè. Nínú ọ̀pọ̀ ilẹ̀ pupa ní agbègbè olóoru, irin àti alumíníọ̀mù a máa di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú pinpin. Ẹ̀rọ yóò kà á pé ó wà, àgbàdo kò sì ní rí i jẹ. Ọmọ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà àká tí a tì pa, ebi yóò pa á, bí àká náà tilẹ̀ kún. Ẹ̀rọ yìí kò rí náítírójìn rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò rí kábọ́ọ̀nù ewé jíjẹrà. Bí ilẹ̀ bá sì tutù, omi inú rẹ̀ a máa dín iye tí ẹ̀rọ ń kà kù. Ilẹ̀ wo ni kì í tutù lásìkò òjò?

Àgbẹ̀ tí a bá wí fún pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kún ilẹ̀ rẹ̀, tí kò sì ra ajílẹ̀ tó yẹ, iṣẹ́ odidi ọdún kan lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò san án fún un?

Yorùbá ní ilẹ̀dú, amọ̀, yangí, àkùrọ̀. Ẹni tó bá sì ní ilẹ̀ kan ti ṣá, èso ọ̀pọ̀ ọdún ló fi mọ̀ bẹ́ẹ̀: ohun tí ẹ̀rọ kò rí gan-an ló ń sọ. Smyth àti Montgomery, nínú ìwé tí wọ́n kọ ní 1962 lórí ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, pe oríṣi ilẹ̀ ní orúkọ ìlú wa: Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá, Àpòmù. Èdè wa kì í ṣe àjèjì nínú ìmọ̀ yìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ lọ sóko, ẹ kọ́kọ́ bèèrè orúkọ tí àgbẹ̀ ń pe ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ẹ̀rọ kà. Ẹ sá erùpẹ̀ náà kó gbẹ, ẹ sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà, ẹ padà lọ ṣàlàyé fún àgbẹ̀ ní Yorùbá kó tó náwó.

Àlejò tó fẹ́ mọ ọ̀nà, onílé ní í bi. Ire o.