Bí Ẹ̀rọ Bá Dá Ẹjọ́, Ènìyàn Ni Yóò Jẹ́jọ́

Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan mọ́. Ó ti wọ inú fóònù tí ìyá aláṣọ ń lò ní ọjà Àjàṣẹ́, ó ti wọ báńkì, ó sì ti wọ iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jiyàn bóyá ẹ̀rọ yìí gbọ́n tó ọmọ ènìyàn. Àríyànjiyàn náà dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló kàn wá jù. Èyí tó kàn wá ni pé bí ẹ̀rọ bá ṣe ìpinnu tó pa ènìyàn lára, ta ni a óò dì mú? Èrò tiwa ni pé ẹni tó rán ẹ̀rọ níṣẹ́ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀nà jíjìn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Tógò, níbi tí ẹ̀rọ ti bá ìjọba yan àwọn tálákà tí wọ́n fún lówó.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, tí ọ̀nà dí, tí ọjà dá, ìjọba Tógò gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Novissi. Orí fóònù ni wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn ti dúró: àwọn oní zémidjan, àwọn aránṣọ, àwọn ìyá ọlọ́jà. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, wọ́n fẹ́ kí owó náà dé ìgbèríko. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ ìjọba tó ka àwọn tálákà ilẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pe àwọn onímọ̀ láti yunifásítì California tó wà ní Berkeley, pẹ̀lú ẹgbẹ́ aláàánú tó ń jẹ́ GiveDirectly.

Ìgbésẹ̀ méjì ni wọ́n gbé. Èkíní, ẹ̀rọ wo àwòrán ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì yà láti ojú ọ̀run, ó sì fi yan 100 àgbègbè tí òṣì pọ̀ sí jù nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní káńtọ́ọ̀nù. Èkejì, wọ́n pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lórí fóònù, wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ àti ohun tí wọ́n ní. Ìdáhùn wọn ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ, kí ó lè mọ bí olówó ṣe ń lo fóònù àti bí tálákà ṣe ń lò ó. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ wá wo ìlò fóònù àwọn yòókù, tó sì fi díwọ̀n ẹni tí ìyà ń jẹ jù. Obìnrin tí ẹ̀rọ bá yàn ń gba 8,620 fráǹkì sẹ́fà lóṣù, ọkùnrin ń gba 7,450, fún oṣù márùn-ún. Ó lé ní 100,000 ènìyàn tó jẹ àǹfààní ìpín ìgbèríko yìí.

A kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ náà. Owó dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tí ìjọba kì bá tí rí. Àwọn onímọ̀ náà kọ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature ní ọdún 2022. Wọ́n ní bí a bá fi ọ̀nà tí wọ́n gbà yìí wé kí ìjọba kàn máa yan àgbègbè kan lódindi, àṣìṣe fífi tálákà sílẹ̀ dín kù ní ìdá 4 sí ìdá 21 nínú 100. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní ká sọ pé ìjọba ní àkọsílẹ̀ gbogbo ará ìlú bó ṣe yẹ ni, àṣìṣe ẹ̀rọ ì bá fi ìdá 9 sí ìdá 35 nínú 100 ju ti àkọsílẹ̀ náà lọ.

Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló wà lẹ́yìn àwọn iye wọ̀nyí. Ẹni tí kò ní fóònù kò sí lójú ẹ̀rọ rárá. Ìyá àgbà tó ń fi fóònù ọmọ rẹ̀ pe ẹbí, ọmọ ni ẹ̀rọ rí, kò rí ìyá. Ẹ̀rọ kò wọ ilé ẹnikẹ́ni, kò rí ìkòkò tó dá lórí ààrò láìsí ohun tí a ó sè. Bí ó bá sì fo orúkọ ẹnì kan, oṣù márùn-ún ni onítọ̀hún yóò fi máa wo aládùúgbò rẹ̀ tó ń gba owó, tí kò ní mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀rọ sàn ju olórí àdúgbò tó ń kọ orúkọ ẹbí ara rẹ̀ síwájú. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n a mọ ilé olórí àdúgbò. A lè jí lọ bá a ní kùtùkùtù, ká kí i, ká bi í pé, “Baba, kí ló dé tí orúkọ màmá wa kò sí níbẹ̀?” Bí kò bá rí èsì gidi fọ̀, ojú yóò tì í. Ẹ̀rọ kò nílé tí a lè lọ, kò sì lójú tí ìtìjú lè mú.

Àwọn baba wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ tó jẹ́ ènìyàn lè dé ẹnu ọ̀nà, kó rí i pé iṣẹ́ tí wọ́n rán òun kò bá ohun tí òun bá nílé mu, kó sì padà lọ sọ fún ọ̀gá. Ẹ̀rọ kò ní irú làákàyè yẹn. Bí ẹ bá rán an níṣẹ́ ẹrú, bí ẹrú ni yóò jẹ́ ẹ, yóò sì jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ní ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nítorí náà, fífi tọmọ jẹ́ ẹ kù sọ́wọ́ ẹni tó rán an. Àwọn onímọ̀ Novissi ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀: wọ́n yẹ ẹ̀rọ wọn wò bóyá ó ń ṣe ojúsàájú sí ẹ̀yà kan tàbí láàárín ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n sì tẹ àṣìṣe rẹ̀ jáde fún aráyé rí.

Níbòmíràn, wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, àwọn agbowó-orí lo ẹ̀rọ láti mọ ẹbí tó yẹ kí wọ́n fura sí lórí owó ìtọ́jú ọmọ. Àìjẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà wà lára ohun tó ń mú kí ẹ̀rọ fura. Wọ́n pe ẹgbẹẹgbàárùn-ún òbí ní olè láìṣẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n dá owó padà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wọ gbèsè. Nígbà tí òtítọ́ tú jáde, ìjọba Mark Rutte kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2021. Kò sí ẹni tó ní kí kọ̀ǹpútà kọ̀wé fi ipò sílẹ̀.

Ní Kánádà, ẹnì kan tí ìyá rẹ̀ àgbà kú béèrè owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Air Canada. Ẹ̀rọ ní kó san owó ná, pé ó lè béèrè ẹ̀dínwó olóòkú lẹ́yìn náà. Nígbà tó béèrè, ilé-iṣẹ́ ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́, ilé-iṣẹ́ náà wí àwíjàre pé ẹ̀rọ náà dá dúró, òun fúnra rẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà kò gbà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ san owó tó lé díẹ̀ ní 800 dọ́là Kánádà. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n ìdájọ́ ńlá ni.

Kí ló dé tí “ẹ̀rọ ló ṣe é” fi ń yá ènìyàn lẹ́nu? Ibi yìí ló ti yẹ ká yẹ ara wa wò. Kí ẹ̀rọ tó dé la ti ń sọ pé “àṣẹ láti òkè ni,” “wọ́n ló wí bẹ́ẹ̀,” “iṣẹ́ èṣù ni.” Ẹrù ẹ̀bi wúwo, ẹni tó bá sì rí ibi sọ ọ́ kà yóò sọ ọ́ kalẹ̀. Àṣà àtijọ́ ni, ẹ̀rọ kàn bá a wọ aṣọ tuntun ni. Ọwọ́ wa náà ló ti kọ́ ohun tó mọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fura sí àlejò, àwọn tí àlejò kò tẹ́ lọ́rùn ló kọ́ ọ.

Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ irú ènìyàn tí òun jẹ́ fún òun. Ẹ̀rọ lè ka iye ìgbà tí ẹ pe ènìyàn lóṣù. Kò mọ ẹni tí ẹ gbé oúnjẹ fún lálẹ́, kò mọ ìlérí tí ẹ ṣe fún olóògbé, kò mọ ìwà yín. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, àwọn tó bá yín gbé sì mọ̀ ọ́n.

Kí wá ni ṣíṣe? Orílẹ̀-èdè Benin ti fọwọ́ sí ètò ọgbọ́n àtọwọ́dá tirẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2023, èyí tí yóò lọ títí di 2027. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba kò pọ̀. Níbikíbi tí ẹ̀rọ bá ti ń pinnu ọ̀rọ̀ ará ìlú, kí orúkọ ènìyàn kan wà níbẹ̀ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní èdè tó gbọ́, tó sì ní àṣẹ láti yí ìpinnu náà padà. Àjọ APDP wà ní Benin tó ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ nípa ará ìlú, ẹni tí wọ́n bá sì rẹ́ jẹ lè mú ẹjọ́ lọ bá wọn. Tógò náà ṣe òfin irú rẹ̀ ní ọdún 2019. Ṣùgbọ́n kí ni àgbẹ̀ ní Kétu tàbí ìyá alágbo ní Sábẹ̀ fẹ́ fi òfin tó wà ní èdè Faransé nìkan ṣe? Kí wọ́n gbé e wá sí ọjà, kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá.

Ó kan àwa náà. Oníṣòwò tó bi fóònù léèrè oògùn, tó sì tà á fún aláìsàn, òun ló tà á, fóònù kọ́. Ẹni tó gba ohùn kan lórí WhatsApp, tó sì fi ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn láìwádìí, òun ló rán an, pàápàá ní àkókò tí ẹ̀rọ lè sín ohùn ẹnikẹ́ni jẹ. Bí ohùn ọmọ yín bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ kíákíá, ẹ pe ọmọ náà padà lórí nọ́ńbà tí ẹ mọ̀ kí ẹ tó fi ọwọ́ kan owó.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀rọ kì í ṣe àgbà, bó ti wù kó gbọ́n tó. Àwa ni àgbà tó wà lọ́jà, ọwọ́ wa ni wọ́n yóò sì ti béèrè ọmọ.