Ìtọ́jú Ilé: Ẹ̀rọ Súmò àti Kànga Àgbàlá

Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ni okùn kànga máa ń gùn sí i, tí garawa sì máa ń gbé ẹrẹ̀ wá dípò omi. Nígbà náà gan-an ni ìwé máa ń dé ọ̀dọ̀ wa lórí ọ̀ràn omi ilé. Ìyá ilé kan kọ̀wé sí wa pé ọkọ òun ti kó owó jọ láti ra ẹ̀rọ tí a ń sọ̀ sínú kànga, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní súmò. Ó ní oníṣẹ́ tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ti ṣe ìlérí láti wá ní ìparí oṣù, àti pé òun fúnra rẹ̀ yóò wọ inú kànga lọ láti fi ẹ̀rọ náà sí ipò. Ó wá béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà nísinsin yìí, tàbí kí wọ́n dúró de òjò.

A ó dáhùn ìbéèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan nínú ìwé rẹ̀ kò jẹ́ kí a sùn dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ náà, èyíinì ni pé oníṣẹ́ yóò wọ kànga. A fi ìwé ránṣẹ́ sí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì pé kí wọ́n má ṣe gbà fún un.

Kò sí ìdí kan tí ènìyàn fi ní láti wọ kànga nítorí súmò. Okùn ni a fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti òkè, okùn náà ni a ó sì fi fà á jáde bí ó bá bàjẹ́. Bí ìsàlẹ̀ kànga bá kún fún ẹrẹ̀ tí a sì fẹ́ kó o kúrò ṣáájú, àwọn agbẹ́kànga tí wọ́n mọ iṣẹ́ ni kí a pè, kí a sì bojú wo ohun tí wọ́n gbé lọ́wọ́. Àwọn mìíràn a máa sọ ẹ̀rọ tí ń lo epo bẹntiróòlù kalẹ̀ sínú kànga, tàbí kí wọ́n gbé e sí ẹnu rẹ̀, kí ó lè fa omi gbẹ. Nínú èéfín irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ olóró kan wà, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Bí ènìyàn bá fà á símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé èémí kiri ara mọ́. Nínú ihò tóóró, afẹ́fẹ́ yìí kò rí ibi gbà jáde. Ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ yóò rò pé ó kàn rẹ òun ni, lẹ́yìn náà yóò ṣubú. Ẹni tí ó sáré wọ̀ láti gbé e ni yóò di ẹnìkejì. Irú ikú bẹ́ẹ̀ ti mú ẹni méjì, ẹni mẹ́ta papọ̀ nínú kànga kan ṣoṣo ní ilẹ̀ wa yìí. Àwọn àgbà a máa fi okùn sọ fìtílà tí a tàn kalẹ̀ sínú kànga láti mọ̀ bóyá èémí wà níbẹ̀. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n kò tó, nítorí fìtílà a máa jó geere nínú èéfín tí ó lè pa ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Irin gbọọrọ ni, ó gùn tó apá àgbàlagbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ẹ̀ńjìnnì tí iná mànàmáná ń yí wà, tí a dì pa tí omi kò lè wọ̀ ọ́. Ní òkè ni àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké wà tí a tò lé ara wọn. Bí wọ́n ti ń yí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ti omi sí èyí tí ó wà lókè rẹ̀, agbára omi náà sì ń pọ̀ sí i títí yóò fi bọ́ sínú páìpù. Ní ìbàdí ẹ̀rọ, láàrin ẹ̀ńjìnnì àti àwọn kẹ̀kẹ́, ni omi ń gbà wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Armais Arutunoff, ọmọ Àméníà tí a bí ní ilẹ̀ ọba Rọ́ṣíà ní 1893, ni ó ṣe aṣáájú iṣẹ́ yìí. Ní 1928 ó gbé e dé ìlú Bartlesville ní Oklahoma, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kànga epo rọ̀bì ni wọ́n sì fi í sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni irú rẹ̀ di ohun àgbàlá àti oko.

Èéṣe tí a fi ń rì í sínú omi, tí a kò fi gbé e jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ? Ẹ wo ọmọdé tí ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ fa mínírà nínú ìgò. Ó rò pé ẹnu òun ni ó ń fà á, ṣùgbọ́n ìwúwo afẹ́fẹ́ tí ó tẹ orí mínírà náà ni ó ń tì í gòkè. Ìwúwo yìí kò lè ti omi gòkè ju nǹkan bí mítà 10 lọ. Nínú iṣẹ́ gidi, mítà 7, èyíinì ni nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 23, ni ó ti ń parí. Nítorí náà, ẹni tí omi kànga rẹ̀ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì ra ẹ̀rọ tí ń fa omi láti orí ilẹ̀, ariwo ni yóò máa gbọ́, kò ní rí omi. Súmò kò fa ohunkóhun. Ó wà nínú omi, ó ń ti omi náà síwájú ara rẹ̀.

Sí ìbéèrè ìyá wa nísinsin yìí: àkókò ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni ó dára jùlọ, nítorí nígbà náà ni kànga kì í purọ́. Ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Ilé-Ifẹ̀, orí àpáta ni ilẹ̀ wa jókòó lé. Nínú ilẹ̀ rírà tí ó bo àpáta náà ni omi kànga wa fi ara pamọ́ sí, kì í ṣe nínú odò ńlá kan tí ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ bí àwọn kan ti ń rò. Òjò a máa gbé e sókè, ọ̀gbẹlẹ̀ a sì máa mú un wálẹ̀. Kànga tiwa jìn ní mítà 15. Ní oṣù Kẹwàá, mítà 5 péré ni ojú omi fi jìnnà sí ẹnu kànga, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta, mítà 12 ni. Ẹni tí ó bá fi ti oṣù Kẹwàá ra ẹ̀rọ yóò ti ṣìnà. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kan ilẹ̀, kí ẹ sì wọn ibi tí okùn tutù dé àti ibi tí ó gbẹ. Iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé ni, kò gba oníṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò. Kànga tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 1 ní omi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 800 nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Mítà 3 tí ó kù fún wa ní ẹ̀ẹ̀rùn kò ju lítà 2,300 ó lé díẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí ń gbé lítà 50 jáde ní ìṣẹ́jú kan yóò fi ohun tí kò tó wákàtí kan gbé e tán. Aládùúgbò wa kan ra èyí tí ó ní agbára ẹṣin méjì, ó ní òun kò fẹ́ ohun tí ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí kànga fi gbẹ, yanrìn sì wọ inú ẹ̀rọ. Ìdajì agbára ẹṣin ti tó ilé púpọ̀.

Ẹ tún ka ohun tí a kọ sára ẹ̀rọ dáadáa. Bí a bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé mítà 40 ni gíga tí ó lè gbé omi dé, èyí túmọ̀ sí pé ní mítà 40 gan-an, ẹ̀kán omi kan kò ní jáde mọ́. Àwọn tí ń tà á kì í sọ èyí. Ní ti wa, mítà 12 láti ojú omi dé ẹnu kànga, mítà 6 láti ilẹ̀ dé orí táǹkì, àti mítà mẹ́ta fún ìnira omi nínú páìpù àti ibi tí páìpù ti tẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 21. A wá ẹ̀rọ tí ó lè gbé ìwọ̀n omi tí a fẹ́ jáde ní mítà 25.

A ó sọ ti ara wa, bí ó tilẹ̀ ń tì wá lójú. Súmò àkọ́kọ́ tí a rà kò lò ju oṣù mẹ́jọ lọ. Irú tẹ́ẹ́rẹ́ oní-íǹṣì 4 ni, èyí tí a ṣe fún kànga tóóró tí a fi ẹ̀rọ gbẹ́. Nínú irú kànga bẹ́ẹ̀, omi ń gba ara ẹ̀ńjìnnì kọjá láti ìsàlẹ̀ kí ó tó dé ìbàdí ẹ̀rọ, ó sì ń mú un tutù. Nínú kànga fífẹ̀ bíi tiwa, ìbàdí ni omi ń gbà wọlé tààrà láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀ńjìnnì wà nísàlẹ̀ nínú omi tí kò mira, ó sì ń gbóná. Ní oṣù Kẹta omi lọ sílẹ̀ títí ìbàdí ẹ̀rọ fi yọ síta, kò sì sí ohun tí yóò pa iná. A gbọ́ òórùn rọ́bà jíjó láti inú àpótí swíìṣì, ó sì parí síbẹ̀. Oníṣẹ́ tí ó bá wa fi í sí i kò sọ̀rọ̀ nípa èyí, àwa náà kò sì béèrè. Owó oṣù wa méjì ni ó bá a lọ.

Èyí tí ó wà níbẹ̀ nísinsin yìí, a fi páìpù rọ́bà fífẹ̀ wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù: òkè rẹ̀ dì mọ́ ẹ̀rọ lókè ìbàdí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kọjá ẹ̀ńjìnnì. Omi kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó gba ara ẹ̀ńjìnnì kọjá. A sì fi swíìṣì kan síbẹ̀ tí ń pa iná fúnra rẹ̀ bí omi bá lọ sílẹ̀ jù.

Ní ọjọ́ iṣẹ́, okùn náílọ́ọ̀nù tí ó nípọn ni kí ẹ lò, nítorí okùn tí a fi ewéko hun yóò jẹrà nínú omi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wáyà iná gbé súmò rárá. A ó fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sí orí ẹ̀rọ, a ó so wáyà mọ́ páìpù ní mítà mẹ́ta-mẹ́ta, a ó sì so okùn mọ́ irin tí ó dábùú ẹnu kànga. Kí ìdí ẹ̀rọ má ṣe kan ilẹ̀. Kí ó fi mítà kan tàbí díẹ̀ dín sí i jìnnà sí ẹrẹ̀. Ibi tí a ti so wáyà pọ̀ nísàlẹ̀ omi ni ó léwu jùlọ: dandan ni kí a fi rọ́bà tí a ń fi iná yọ́ mọ́ ọn bò ó, nítorí téèpù lásán kò tó. Kí wáyà kan lọ sí irin tí a gbá wọ ilẹ̀, kí swíìṣì tí ń já bí iná bá ń jò sì wà nínú ilé. Bí ọmọ bá fẹ́ fi garawa fa omi nínú kànga náà, ẹ pa iná ẹ̀rọ ná.

Ẹni tí ó gbójú lé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a fi ń tan gílóòbù àti fáànù, kí ó mọ̀ pé súmò a máa gba iná ní ìlọ́po mélòó kan nígbà tí ó bá ń ta jí. Jẹnẹrétọ̀ náà yóò kérora, yóò sì kú.

Níkẹyìn iṣẹ́, ọwọ́ ènìyàn àti eruku ti kan páìpù. Fún kànga tí ó ní lítà 2,300, ẹ da omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun sí i, èyí tí kò ní lọ́fínńdà, tí a kọ ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún klórínì sí lára. Lítà mẹ́ta ó lé díẹ̀ ti tó. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì fa omi náà dànù sórí ilẹ̀ lásán títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ, kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Ṣùgbọ́n bí ṣáláńgá tàbí sókàwéè bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kànga, klórínì kò ní wò ó sàn. Mítà 30 ni ó yẹ kí ó wà láàrin wọn.

Ìyá wa tún kọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ó ní oníṣẹ́ bínú díẹ̀ nígbà tí ọkọ òun sọ pé kò sí ẹni tí yóò wọ kànga, pé ó ní òun ti ń wọ̀ ọ́ láti ìgbà èwe òun. Wọ́n fún un ní okùn, wọ́n sì dúró tì í. Kí agogo méjì ọ̀sán tó lù, omi ti ń dún nínú táǹkì. Ó ní ọmọbìnrin òun, tí ń fa garawa ogún ní àràárọ̀ kí ó tó lọ sí ilé-ìwé, tí ìyá rẹ̀ àgbà sì ń pè ní Rèbékà nítorí àwọn ràkúnmí mẹ́wàá nì, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kànga ó ń wò ó. Wọ́n ti fi ìdérí irin bo ẹnu kànga, wọ́n sì ti tì í. Garawa àti okùn ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilé ìdáná, de ọjọ́ tí iná kò bá sí.